Ilẹ̀ Ni Kí A Kọ́kọ́ Tẹ́: Àgbéyẹ̀wò Eré Ogun Orí Tábìlì Láti Adja-Ouèrè

Oríṣi ilẹ̀ méjì ni àwọn àgbẹ̀ ń ro ní Adja-Ouèrè. Ọ̀kan pupa, orí òkè ni ó wà, omi òjò kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mu ún. Èkejì dúdú, ó wà nínú kòtò gbọọrọ tí ó ya òkè Pobè àti Sakété sọ́tọ̀ kúrò lára òkè Kétu. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ dúdú yìí a di ẹrẹ̀ tí ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a gbẹ, a le koko, a sì sán débi tí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Kòtò náà na gúúsù orílẹ̀-èdè Benin já láti ìwọ̀ oòrùn dé ìlà oòrùn, Lama sì ni orúkọ rẹ̀ lórí máàpù. Èdè Potogí ni lama, ohun tí ó túmọ̀ sí ni ẹrẹ̀. Àwọn Potogí gúnlẹ̀ sí etíkun wa ní àkókò tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní Renaissance, ẹrẹ̀ sì ni ohun tí èdè wọn fi sílẹ̀ fún wa gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Mo fẹ́ fi ẹrẹ̀ yìí wo eré kan tí ó ti gbilẹ̀ káàkiri ayé, eré ogun orí tábìlì tí a ń fi ọmọ ère ta, pàápàá èyí tí ó dá lé ogun ìgbà Renaissance. Ohun tí mo rí nípa rẹ̀ ni pé àwọn ìwé òfin eré náà ń ka ohun ìjà kí wọ́n tó ka ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá fẹ́ fi eré yìí mọ ogun àwọn baba wa gbọ́dọ̀ yí ètò náà padà: ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ tẹ́, kí ó tó to jagunjagun sórí rẹ̀.

Kí ẹni tí kò rí eré yìí rí fojú inú wo tábìlì ńlá kan tí a tẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé lé, tí a to òkè kéékèèké, igi wẹ́wẹ́ àti odò tí a kùn lọ́dà sórí rẹ̀. Àwọn jagunjagun tí a fi irin rírọ̀ tàbí ike ṣe dúró lórí pátákó pẹlẹbẹ, mẹ́ta mẹ́rin lórí ẹyọ kan, gíga wọn kò sì ju mìlímítà 15 tàbí 28 lọ. Òṣèré méjì dojú kọ ara wọn. Wọ́n ń fi tépù wọn ibi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun lè rìn dé, wọ́n sì ń ju dáìsì bí ti lúdò láti mọ ẹni tí ìbọn bà àti ẹni tí ẹ̀rù lé sá. Ilé iṣẹ́ ológun Prussia ni eré náà ti kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ dúró dáadáa, nígbà tí ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Reisswitz gbé òfin rẹ̀ jáde ní 1824, tí wọ́n sì ń ta á lórí máàpù tòótọ́. Ní 1913, H. G. Wells kọ ìwé Little Wars, ó sì sọ ọ́ di eré inú ilé fún àgbà àti èwe. Láti ìgbà tí Donald Featherstone ti gbé ìwé War Games jáde ní 1962 ni ó ti di ohun tí ènìyàn púpọ̀ ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti Renaissance gan-an, George Gush ni ó la ọ̀nà ní àwọn ọdún 1970; ní 1995 Phil Barker àti Richard Bodley Scott mú ìwé òfin tí a mọ̀ sí DBR jáde, òmíràn sì ti tẹ̀ lé e. Àwọn òṣèré sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ àkókò náà láti 1494, ọdún tí Charles Kẹjọ ọba Faransé kó ogun wọ Ítálì, wọ́n sì ń parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1700. Ohun tí ó so gbogbo ọdún wọ̀nyẹn pọ̀ lójú wọn ni ìbọn tí a ń fi okùn iná yìn, ọ̀kọ̀ gígùn gbọọrọ ọwọ́ ẹlẹ́sẹ̀, àti ẹlẹ́ṣin tí ó wọ ẹ̀wù irin.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ti fi ohun ìjà ṣe òpó ilé, gbogbo ohun tó kù ni a óò máa so mọ́ ọn. Nínú àwọn ìwé òfin wọ̀nyí, oríṣi ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀: ẹlẹ́ṣin onírin wọ́n, ọlọ́fà pọ́ọ́kú. Òṣèré méjèèjì yóò ra ọmọ ogun tí iye wọn dọ́gba, lẹ́yìn náà ni wọ́n óò ṣẹ̀ṣẹ̀ ju dáìsì láti fi igbó díẹ̀ àti òkè kan tàbí méjì há ẹ̀gbẹ́ tábìlì, kí ojú ogun lè ṣí ní àárín. Ayò wa náà fẹ́ràn ìdọ́gba. Ojú 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, kò sí ojú tí ó jìn ju èkejì lọ, kò sí òjò, kò sí ẹrẹ̀. Ọgbọ́n orí nìkan ni ó ń ya òpè sọ́tọ̀ lára ọ̀ta. Ìdọ́gba yẹ ayò, nítorí ayò kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni ìtàn. Eré ogun ní tirẹ̀ ń sọ pé òun fi ogun tó ṣẹlẹ̀ rí hàn wá. Bí ó bá wá mú ìdọ́gba ayò tó sì fi wọ ogun láṣọ, ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ogun àgbègbè wa ni ó ti gbọ̀n dànù láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ogun ibí yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má dọ́gba rí.

Ẹnìkan lè wí pé ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan nínú ogun Renaissance níbi tó ti ṣẹ̀ wá, pé àwa ni a fẹ́ kó ẹrẹ̀ wa wọ inú ilé onílé. Kí a wo Bicocca, lẹ́bàá Milan. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1522, àwọn ọlọ́kọ̀ Switzerland tí Faransé háyà, tí gbogbo Yúróòpù ń bẹ̀rù, já lu àwọn ọmọ ogun Spain àti Jámánì. Ọ̀nà kan tí ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ di kòtò wà láàrin wọn, àwọn oníbọn sì lúgọ sẹ́yìn ògiri amọ̀ tí a mọ sókè kòtò náà. Nǹkan bí 3,000 ọlọ́kọ̀ ni ó ṣòfò kí wọ́n tó padà sẹ́yìn. Àwọn ìwé òfin fi ọjọ́ náà ṣe ẹ̀rí pé ìbọn ti borí ọ̀kọ̀. Èmi rí i pé kòtò ni ó mú ọ̀kọ̀ dúró kí ìbọn tó rí àyè pa á, àti pé bí kòtò kò bá sí, ìròyìn ọjọ́ náà lè yàtọ̀.

Ẹ̀rí tó súnmọ́ wa ju ìyẹn lọ wà ní ilẹ̀ Songhay. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 1591, ọmọ ogun Mòrókò bí 4,000, tí Judar Pasha ṣáájú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ìbọn, ṣẹ́gun Áskíà Ishaq Kejì ní Tondibi, nítòsí Gao. Nínú gbogbo ìjà ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ìgbà náà, òun ni ó rọrùn jù láti tò sórí tábìlì, ohun tó sì fà á kò fara sin: pápá gbalasa ni, ẹgbẹ́ méjì ni, ìbọn wà lápá kan, ẹṣin àti ọfà lápá kejì. Songhay da agbo màlúù síwájú kí wọ́n lè tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀. Ìró ìbọn dá màlúù padà sórí àwọn tó dà wọ́n. Gbogbo rẹ̀ bá òfin mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n ogun náà kò parí sí Tondibi. Áskíà Nuh kó àwọn tó kù lọ sí Dendi, sísàlẹ̀ odò Ọya, ní agbègbè tí ó kan àríwá orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Níbẹ̀, nínú igbó àti àbàtà, ó bá àwọn oníbọn kan náà jà fún ọdún púpọ̀, àìsàn àti òjò sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ìbọn kò yí padà, àwọn tó gbé e kò yí padà; ilẹ̀ nìkan ni ó yí, Mòrókò kò sì rí Dendi gbà. Ìwé òfin tí ó bá lè fi Tondibi hàn wá tí kò lè fi Dendi hàn, ìdajì ogun ni ó mọ̀.

Ní gúúsù lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Igbó kìjikìji tí ó tò lẹ́bàá òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà já ní agbègbè wa. Láti ìlà oòrùn Gánà títí dé ààlà Nàìjíríà, ọ̀dàn ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá dé ìtòsí òkun, àwọn onímọ̀ sì ń pe ibẹ̀ ní Àlàfo Dahomey. Adja-Ouèrè wà ní ìhà ìlà oòrùn àlàfo náà, níbi tí ọ̀dàn àti igbó ti ń wọnú ara wọn. Igbó tó ṣẹ́ kù ní Pobè lónìí ṣì ń jẹ́rìí sí i. Àlàfo yìí ni ẹṣin Ọ̀yọ́ ń gbà. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ sì ń ra púpọ̀ nínú tirẹ̀ láti òkè ọya. Síbẹ̀, ní 1698, àwọn ẹlẹ́ṣin láti inú lọ́hùn-ún ya wọ ilẹ̀ Allada, wọ́n sì ba ibẹ̀ jẹ́. Willem Bosman, oníṣòwò ará Netherlands tí ó kọ nípa etíkun náà, gbé ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé; kò pe orúkọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n òpìtàn Robin Law àti àwọn mìíràn gbà pé Ọ̀yọ́ ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ tún kọlu Dàhòmì ní 1726, lẹ́yìn tí Agaja ọba ibẹ̀ ti gba Allada ní 1724, William Snelgrave, oníṣòwò ẹrú ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé ìró ìbọn ń dẹ́rù ba ẹṣin Ọ̀yọ́ débi pé wọn kò lè já lu ẹlẹ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ìbọn lágbára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ Snelgrave tán gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí Dàhòmì oníbọn fi wá san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ ẹlẹ́ṣin títí dé ìgbà ọba Ghezo. Ẹṣin a máa padà wá ní ọdọọdún bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, ìlú tí a ń jó ní ọdọọdún kò sì lè rí oúnjẹ jẹ. Oṣù àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ṣe ohun tí ọ̀kọ̀ kò lè ṣe. Ìwé òfin tí kò ní oṣù nínú kò lè sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú kòtò dúdú. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí Faransé ń pè ní Holli, ni ẹrẹ̀ yìí jẹ́ ilé fún, ní Issaba lápá Pobè, àti nínú àwọn abúlé Adja-Ouèrè pẹ̀lú. Kétu ní òkè wọn, Dàhòmì ní ìwọ̀ oòrùn wọn lódìkejì odò Ouémé, Àjàṣẹ́ ní gúúsù, Ọ̀yọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Wọn kò ní ọba tí àṣẹ rẹ̀ jọ ti àwọn wọ̀nyẹn, wọn kò ní ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin. Bí a bá fi ìwé òfin ra wọ́n, iye wọn kò ní í tó ìdá mẹ́wàá iye Dàhòmì. Kétu tí ó ní odi àti yàrà, tí ẹnubodè Àkàbà Ìdẹ̀nà rẹ̀ ṣì wà títí dòní, ìdótì àti ebi mú un balẹ̀, Dàhòmì sì pa á run ní 1886. Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí tí kò ní irú odi bẹ́ẹ̀ kò di ti Dàhòmì. Kì í ṣe pé ogun kò dé ibẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ni kò lè dúró. Ní àkókò òjò, ẹrẹ̀ ń gbé e mì. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, òùngbẹ ń lé e, nítorí àwọn onílẹ̀ nìkan ni ó mọ ibi tí omi kù sí.

A lè ta kò mí pé ọ̀rọ̀ 1886 kì í ṣe ọ̀rọ̀ Renaissance, pé mo ti fi nǹkan bí ọ̀rúndún méjì rékọjá àkókò. Òtítọ́ ni, bí ohun ìjà bá ni òdiwọ̀n. Amọ̀ ni òdiwọ̀n mi, amọ̀ kò sì yí padà. Mo tilẹ̀ lè gbé e síwájú sí i: ní 1914 àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí ìjọba Faransé nítorí owó orí àti nítorí pé wọ́n ń fipá mú ọ̀dọ́ lọ sójú ogun àgbáyé. Ìjọba tó ti ṣẹ́gun Béhanzin ọba Dàhòmì, tí ó gbé ìbọn tí baba Béhanzin kò rí rí, ni ọ̀rọ̀ náà di wàhálà fún títí wọ 1915. Bí ẹrẹ̀ bá lè yọ Faransé lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní í ṣe fún ẹlẹ́ṣin 1600? Àwọn igbó ìgbà náà tún pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ; nítorí náà, bí a bá tilẹ̀ ṣe àṣìṣe, a kàn lè ka ilẹ̀ náà sí èyí tó rọrùn ju bó ti rí lọ ni.

Àtakò tí mo kà sí jù ti ẹnu àwọn òṣèré gan-an wá. Wọ́n á ní: bí ilẹ̀ bá ti pinnu ohun gbogbo, kí ni ó kù fún òṣèré? Eré tí a ti mọ òpin rẹ̀ kí a tó jókòó kì í ṣe eré. Ó tọ́, bí ilẹ̀ bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilẹ̀ tiwa kì í dúró lójú kan. Òjò méjì, ọ̀gbẹlẹ̀ méjì ni ó wà nínú ọdún, ilẹ̀ kan náà a sì máa di mẹ́rin. Ẹni tó ń bọ̀ wá jagun ni yóò yan oṣù: bí ó bá tètè dé, ẹrẹ̀ kò tí ì gbẹ, bí ó bá pẹ́, omi mímu ti tán, òjò sì lè ká a mọ́ inú kòtò. Iṣu mélòó ni ó kó dání? Ta ni yóò mú un mọ ọ̀nà, ṣé ẹrú tí ó mú lọ́dún tó kọjá, tí ó lè ṣì í lọ́nà mọ̀ọ́mọ̀? Ẹni tó ń gbèjà ilé rẹ̀ náà ní ìpinnu tirẹ̀: ṣé kí ó kórè àgbàdo tán kí ó tó kó ẹbí wọ inú àbàtà, àbí kí ó fi oko sílẹ̀ kí ebi wá pa á nígbà tó bá yá? Ìrònú wà nínú ìwọ̀nyí ju inú ìlà ọlọ́kọ̀ méjì tó ń sún mọ́ra lórí pápá títẹ́jú lọ.

Àtakò kan wà tí ó kan ọkàn. Ogun ìgbà náà ni ogun tí wọ́n fi kó ènìyàn wa tà. Láti ilẹ̀ Nàgó ni wọ́n ti ń dì wọ́n lókùn lọ sí etíkun, títí tí orúkọ Nagô fi di orúkọ gbogbo Yorùbá ní Bahia. Ṣé ó yẹ kí a fi ìyẹn ṣeré? Mi ò ní í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìbéèrè yìí. Ìdáhùn mi ni pé bí wọ́n ṣe ń ta á báyìí, kò yẹ. Nínú ìwé òfin tó wọ́pọ̀, ẹni tó pa jù tàbí tó lé ọ̀tá kúrò lórí pápá ni ó borí, àwọn tí ogun wá kó kò sì sí lórí tábìlì rárá. John Thornton, tí ó kọ ìwé lórí ogun ní etíkun Áfíríkà láti 1500 dé 1800, ti ṣàlàyé pé ènìyàn ni ọrọ̀ tí ọ̀pọ̀ ogun wọ̀nyí ń lé ju ilẹ̀ lọ. Tí a bá gba bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbé àwọn ènìyàn náà sórí tábìlì: obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n, àgbàlagbà tí kò lè sáré, ewúrẹ́, igbá iṣu. Kí a sì fi iye àwọn tó dé inú ẹrẹ̀ láàyè ṣe ìṣẹ́gun. Àwọn baba wa wí pé akínkanjú tó mọ ogun jà tí kò mọ ogun sá ni í bógun lọ. Ní ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí, sísá ni ọgbọ́n ogun tí ó ga jù, ó sì ní ètò bí ìjà ti ní. Eré tó bá fi ọ̀gágun Dàhòmì sí ipò ẹni tí kò rí ohun kan mú, tí ó fi abúlé òfìfo àti iná tó ṣì ń rú èéfín sílẹ̀ fún un, kò fi ìyà ènìyàn ṣeré. Ó ń bu ọlá fún àwọn tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé Snelgrave.

Ní ti ẹ̀rí, àwọn kan á ní ó kéré jù, pé Yúróòpù ní àkọsílẹ̀ àwa sì ní ìtàn àtẹnudẹ́nu. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Kétu wà nínú ìwé tí Parrinder tẹ̀ ní 1956, ti Ọ̀yọ́ wà lọ́dọ̀ Samuel Johnson, ìwádìí Ajayi àti Robert Smith lórí ogun Yorùbá sì ti wà láti 1964. Ohun tó ṣọ̀wọ́n nínú wọn ni iye ọmọ ogun àti bí ìlà ṣe tò, ohun tí ìwé òfin ń béèrè jù nìyẹn. Ohun tí wọ́n kún fún ni ọ̀nà, odò, ìdótì, ebi àti ibi ìsádi. Ẹ̀rí tiwa fúnra rẹ̀ ti sọ ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Owó kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ìdíwọ́. Ère irin láti òkè òkun wọ́n, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní agbègbè Kétu, Pobè àti Sakété ti ń gbẹ́ ènìyàn kéékèèké sórí igi láti ayébáyé: ọdẹ, ejò, ọlọ́jà, ẹlẹ́ṣin, ológun, tí wọ́n kùn lọ́dà tí wọ́n sì tò lórí ojú kan bí ẹni to tábìlì. Ní Abomey, ìdílé Hountondji mọ̀ nípa ère idẹ wẹ́wẹ́ tó ń fi ọdẹ àti ogun hàn. Ọwọ́ tó lè gbẹ́ ẹlẹ́ṣin fún orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè gbẹ́ ogún ẹlẹ́ṣin tí kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Tábìlì náà ńkọ́? Kí a fi pákó ṣe àtẹ tí etí rẹ̀ ga díẹ̀, kí a da ilẹ̀ pupa sí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a wá bu amọ̀ dúdú láti inú kòtò gan-an sí àárín. Bí eré bá bọ́ sí oṣù òjò, kí a wọ́n omi sí i. Bí ó bá bọ́ sí ọ̀gbẹlẹ̀, kí a gbé àtẹ náà sínú oòrùn títí yóò fi sán. Lẹ́yìn náà kí ẹni tó gbé ẹṣin Ọ̀yọ́ dání gbé e kalẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá yóò dúró.